Bí Ọlẹ̀ ti Ń Di Ọkùnrin: Àlàyé lórí Ìdàgbàsókè Ẹ̀yà Ìbímọ Ọkùnrin Nínú Ìyá

Nígbà tí àwọn àgbà Yorùbá bá rí aboyún, wọn a máa kí i pé, "Kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o." Ọnà ni wọ́n pe ọmọ inú, bí ẹni pé gbẹ́nàgbẹ́nà kan jókòó nínú òkùnkùn, tí ó ń fi sùúrù gbẹ́ ojú, tí ó ń gbẹ́ imú, tí ó sì ń ya ìka ọwọ́ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ọnà ara ọmọ, kò sí èyí tí ayé máa ń kọ́kọ́ bèèrè tó èyí tí ó ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Kí a tó mọ ẹni tí ọmọ jọ, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ará ilé ni pé, "Akọ ń bábo?"

Ìdáhùn ìbéèrè kékeré yìí ti da ilé púpọ̀ rú. Obìnrin tí ó bí obìnrin léra-léra ni a ń tọ́ka sí pé inú rẹ̀ kò gba ọkùnrin. Nítorí èyí ni ọkọ fi ń fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e, tí ìyá ọkọ sì ń yínmú sí i. Bí a bá sì bí ọmọ tí ojú ara rẹ̀ kò hàn gbangba bí ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, wọn a gbé e pamọ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti ń lọ nínú ọlẹ̀ ní tòótọ́, kí wọ́n lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní èdè tí ó yé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni fún akọ àti abo

Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oyún ti dúró, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ ọlẹ̀ tí yóò di ọkùnrin yàtọ̀ sí èyí tí yóò di obìnrin. Nítòsí ibi tí kíndìnrín ti ń hù ní ẹ̀yìn inú ọlẹ̀, kókó kékeré méjì a yọ. Kókó wọ̀nyí lè di kóró ẹpọ̀n, wọ́n sì lè di àpò ẹyin obìnrin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní oríṣi méjì, méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni a fi orúkọ Caspar Friedrich Wolff pè, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí bí ẹ̀dá ti ń dàgbà nínú ọlẹ̀ ní 1759. Ọ̀nà yìí jẹ́ ti kíndìnrín àtètèkọ́ṣe, èyí tí ọlẹ̀ ń lò fún ìgbà díẹ̀ kí kíndìnrín gidi tó dé. Ọ̀nà kejì ni a fi orúkọ Johannes Müller pè, ọmọ ilẹ̀ Jámánì bákan náà, tí ó ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1830. Ọ̀nà Wolff ni ó lè di ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà nínú ọkùnrin. Ọ̀nà Müller ni ó lè di ilé-ọmọ àti àwọn ọ̀nà tí ẹyin ń gbà nínú obìnrin. Gbogbo ọlẹ̀ ni ó ní méjèèjì, bí ilé tí a kọ́ tí a sì ṣí ilẹ̀kùn méjì sí i lára, tí a kò tíì mọ èyí tí onílé yóò mọ dí.

Jíìnì àti àkókò tí ó ń fọhùn

Ara ènìyàn kún fún ẹ̀yà kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn okùn àjogúnbá wà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ kúrómósómù. Wọ́n jẹ́ 46. Bàbá fún ọmọ ní 23, ìyá náà sì fún un ní 23. Ara okùn wọ̀nyí ni àwọn jíìnì tò sí. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ohun tí yóò mọ. Àwọn tí ó ń darí mímọ purotéènì nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 20,000.

Sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní jíìnì kan náà. Báwo ni iṣẹ́ wọn ti wá yàtọ̀? Ẹ wo babaláwo. Ẹsẹ Ifá tí ó wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà, síbẹ̀ kì í ki gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Odù tí ó bá hù lójú ọpọ́n ni ó ń ki. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo àkọsílẹ̀ ara lọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń fọhùn ní ibì kan àti ní àkókò kan. Bí ohùn bá yí padà, iṣẹ́ a yí padà. Ìtàn bí ọlẹ̀ ti ń di ọkùnrin jẹ́ ìtàn ohùn tí ó jáde ní àkókò rẹ̀, àti ti etí tí ó gbọ́ ọ.

Ní 1905, Nettie Stevens, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ń yẹ kòkòrò kan tí ó máa ń wà nínú ìyẹ̀fun wò. Ó rí i pé ọ̀kan nínú kúrómósómù àwọn akọ kéré gan-an sí èyí tí ó dojú kọ ọ́, ṣùgbọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn abo. Edmund Wilson náà rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ó kéré ni à ń pè ní Y lónìí, èkejì sì ni X. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Nítorí náà X nìkan ni ìyá ní láti fún ọmọ. Àtọ̀ bàbá ni ó ń gbé X nígbà mìíràn, tí ó sì ń gbé Y nígbà mìíràn. Bí èyí tí ó gbé Y bá pàdé ẹyin, ọ̀nà ọkùnrin ni ọlẹ̀ sábà máa ń tọ̀.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn obìnrin tí ó bí obìnrin mẹ́fà. A kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni ohun tí kò sí nínú àpò rẹ̀. Bàbá pẹ̀lú kò jẹ̀bi, nítorí kì í ṣe òun ni ó ń yan irúgbìn tí yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹyin.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá kí a tó mọ̀ dájú pé Y gan-an ni ó ń ṣe ọkùnrin. Ní 1959, ní Edinburgh, Patricia Jacobs àti John Strong ṣe àwárí ẹni tí ó ní X méjì pẹ̀lú Y kan; ọkùnrin ni. Ní ọdún kan náà, ní Harwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Ford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹni tí ó ní X ẹyọ kan láìsí Y, obìnrin ni. Iye X kọ́ ni ó ń sọ ẹni di ọkùnrin, bí kò ṣe wíwà Y.

Iṣẹ́ Alfred Jost lára ehoro

Kí èyí tó hàn, Alfred Jost, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe ìdánwò kan tí a kò lè gbàgbé. Ní 1947 ni ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ó la ikùn ehoro tí ó lóyún, ó yọ kókó ìbímọ kúrò lára ọlẹ̀ inú rẹ̀ kí ẹ̀yà ìbímọ wọn tó yàtọ̀ síra, ó sì rán ikùn ìyá padà kí oyún lè máa bá a lọ. Nígbà tí ó tún yẹ àwọn ọlẹ̀ náà wò, ọ̀nà ìbímọ ti abo ni gbogbo wọn ní, àti àwọn tí ó yẹ kí wọ́n di akọ àti àwọn tí ó yẹ kí wọ́n di abo.

Èyí fi hàn pé kóró ẹpọ̀n ọlẹ̀ ni ó ń rán iṣẹ́ sí ọ̀nà ìbímọ pé kí ó di ti akọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni ó ń rán? Jost mú testosterone, họ́mónù tí a ti mọ̀ pé ó ń ti inú kóró ẹpọ̀n wá, ó fi í sí ara ọlẹ̀ tí ó ti yọ kókó rẹ̀. Ọ̀nà Wolff dúró, ó sì dàgbà. Àmọ́ ọ̀nà Müller náà kò parẹ́! Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: testosterone lè gbé ọ̀nà kan ró, kò lè wó èkejì. Jost wá sọ pé ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú kóró ẹpọ̀n tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti pa ọ̀nà Müller rẹ́. Òótọ́ ni. Họ́mónù kejì yìí ni à ń pè ní AMH, ọdún 1986 ni a sì rí jíìnì rẹ̀ yà sọ́tọ̀.

Akígbe tí ń jí àwọn yòókù

Ìbéèrè tí ó kù ni pé, kí ni ó kọ́kọ́ ń sọ kókó ìbímọ di kóró ẹpọ̀n? Ní 1990, àwọn onímọ̀ ní London, tí Peter Goodfellow àti Robin Lovell-Badge wà lára àwọn aṣáájú wọn, rí jíìnì kan lórí Y tí wọ́n pè ní SRY. Ní 1991, wọ́n fi irú rẹ̀ sínú ọlẹ̀ eku tí ó ní X méjì. Eku náà ní kóró ẹpọ̀n, ó sì dàgbà ní akọ. Ṣùgbọ́n kò lè gbin ọmọ, èyí tí ó fi hàn pé ohun tí ń sọ ẹ̀dá di akọ yàtọ̀ sí ohun tí ń jẹ́ kí akọ ní àtọ̀ tí ó pé.

SRY kì í pẹ́ níbi iṣẹ́. Nínú ọlẹ̀ eku, nǹkan bí ọjọ́ méjì péré ni ó fi ń fọhùn, láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkejìlá. Nínú ọlẹ̀ ènìyàn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí akígbe ọba tí ó lu agogo ní ìkóríta, tí ó jíṣẹ́, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jíìnì tí ó ń jí ni SOX9. Orí kúrómósómù 17 ni SOX9 wà, ọkùnrin àti obìnrin ni ó sì ní in. Nínú kókó ìbímọ ọlẹ̀ obìnrin, ṣe ni ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Bí SRY bá jí i, SOX9 a di ọ̀gá iṣẹ́, a sì máa pe jíìnì mìíràn jáde, títí tí kókó yóò fi di kóró ẹpọ̀n.

Ní 2018, Lovell-Badge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun ìyanu kan hàn. Wọn kò fọwọ́ kan SOX9 fúnra rẹ̀. Ibì kan tí ó jìnnà sí i lórí okùn ni wọ́n gé kúrò, tí gígùn rẹ̀ kò ju lẹ́tà 557 lọ, níbi tí ìpè sí SOX9 ti ń wọlé. Àwọn eku tí ó ní X àti Y tí a ṣe báyìí kò ní kóró ẹpọ̀n mọ́. Àpò ẹyin ni wọ́n ní. Jíìnì náà wà níbẹ̀ ní pípé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìpè.

Àwọn ìránṣẹ́ àti iṣẹ́ tí a rán wọn

Nígbà tí kóró ẹpọ̀n bá ti dúró, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì nínú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Èkíní ni sẹ́ẹ̀lì Sertoli, tí a fi orúkọ Enrico Sertoli ará Ítálì pè, ẹni tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1865. Òun ni ó ń mú AMH jáde. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀nà Müller a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, a sì parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí àkókò yìí bá kọjá láìjẹ́ pé AMH ṣiṣẹ́, ọ̀nà náà kò ní gbọ́ràn mọ́.

Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì Leydig, tí Franz Leydig ará Jámánì ṣàpèjúwe ní 1850. Òun ni ó ń ṣe testosterone. Ìránṣẹ́ ni testosterone. Ìránṣẹ́ kò sì lè jíṣẹ́ níbi tí kò bá ti rí ẹni gbà á. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà Wolff àti nínú ẹran ara tí ó yí i ká ni olùgbà wà tí ó ń di testosterone mú, tí ó sì ń mú un lọ bá àwọn jíìnì kí wọ́n lè fọhùn. Ibo ni jíìnì tí ó ń mọ olùgbà yìí wà? Orí X ni, X tí ọmọkùnrin gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láìsí ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá yìí, gbogbo ariwo Y a di asán. Kí ẹni tí ó bá ń sọ pé bàbá nìkan ni ó ń dá ọmọkùnrin tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ọ̀nà Wolff kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò di ohun kan náà. Apá òkè a gùn, a sì ká jọ lẹ́yìn kóró ẹpọ̀n. Òun ni àwọn oníṣègùn ń pè ní epididymis. Bí a bá tú u ká nínú àgbàlagbà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà mẹ́fà. Irúgbìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú kóró ẹpọ̀n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀; ìgbà tí ó bá ń rìn nínú ìkákò yìí ni ó ń kọ́ ọ. Ní orí, ní àárín àti ní ìdí ìkákò náà, jíìnì tí ń fọhùn kò dọ́gba, nítorí náà omi tí ó ń wẹ irúgbìn ń yí padà bí ó ti ń kọjá. Apá àárín ọ̀nà Wolff ni ó di òpó títọ́ tí ń gbé àtọ̀ lọ sókè, apá ìsàlẹ̀ sì ni ó yọ àpò kékeré tí ó ń pèsè púpọ̀ nínú omi àtọ̀.

Kí ni ó ń sọ fún apá kọ̀ọ̀kan ibi tí ó wà? Àwọn jíìnì kan wà tí a ń pè ní Hox, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ipò han àwọn sẹ́ẹ̀lì láti orí dé ìdí. Ní 1995, a rí i pé nínú eku tí kò ní Hoxa11, òpó títọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí epididymis. Ní 1989 pẹ̀lú, Gerald Cunha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ti fi hàn pé bí a bá mú awọ inú ọ̀nà Wolff láti apá òkè, tí a sì fi ẹran ara tí ó yí àpò omi àtọ̀ ká bò ó, awọ náà yóò di ti àpò omi àtọ̀. Aládùúgbò ni ó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò dà.

Ojú ara òde àti prostate, ìyẹn kókó tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ń fẹ́ ìránṣẹ́ tí ó lágbára ju testosterone lọ. Nínú wọn ni ẹ́ńsáìmù kan wà tí ó ń yí testosterone padà sí DHT. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic tí ẹ́ńsáìmù yìí kò pé nínú àwọn ọmọ wọn kan. Àwọn ọmọ náà ní X àti Y. Nígbà tí a bí wọn, ojú ara wọn jọ ti obìnrin, bí obìnrin ni a sì ṣe tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bàlágà, ohùn wọn ki, iṣan wọn yọ, ojú ara wọn sì dàgbà bí ti ọkùnrin. Ọ̀nà Wolff tiwọn pé láti inú ìyá. Prostate wọn ni ó kéré.

Ìránṣẹ́ mìíràn láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì Leydig ni INSL3. Inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n ti ń hù, ó sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò ẹpọ̀n níbi tí ó tutù díẹ̀ ju inú ara lọ. Ní 1999, a fi hàn pé nínú eku tí kò ní INSL3, òkè nínú ikùn ni kóró ẹpọ̀n ń dúró sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń rò pé ọ̀nà Wolff ń parẹ́ nínú obìnrin nítorí pé testosterone kò sí láti gbé e ró, bí iná tí kò rí igi. Ní 2017, Fei Zhao, Humphrey Yao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nínú ọlẹ̀ eku abo, jíìnì kan tí ń jẹ́ COUP-TFII gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ọ̀nà Wolff tó lè parẹ́. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò, ọ̀nà náà dúró sí ara abo. Obìnrin kì í ṣe ọkùnrin tí a kò ṣe parí. Iṣẹ́ ń lọ nínú ọlẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí ìmọ̀ yìí kan ilé wa

Nígbà tí ìránṣẹ́ bá pọ̀ tó báyìí, kò yani lẹ́nu bí ọ̀kan bá ṣi ọ̀nà. Ọkùnrin wà tí AMH tàbí olùgbà AMH rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Òde ara rẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n nígbà iṣẹ́ abẹ ìpá, oníṣègùn lè bá ilé-ọmọ nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ó ní X àti Y pẹ̀lú kóró ẹpọ̀n nínú ikùn, ṣùgbọ́n tí olùgbà testosterone rẹ̀ kò gbọ́ràn rárá. Obìnrin ni òde ara rẹ̀, obìnrin ni ó sì sábà máa ń mọ ara rẹ̀ sí. AMH tirẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ní ilé-ọmọ. Bí irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tí kò rí nǹkan oṣù, àwọn kan a máa sọ pé ayé ni ó dì í. Jíìnì kan ni kò fọhùn. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kóró ẹpọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé, nǹkan bí mẹ́ta ni a ń bí báyìí. Ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn tí oṣù wọn kò pé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni tiwọn a sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù díẹ̀. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà tí ẹ̀gbẹ́ kan àpò ẹpọ̀n rẹ̀ ṣì ṣófo, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí kí ọmọ tó pé ọdún kan ààbọ̀ ni ó yẹ kí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè dí i lọ́wọ́ láti bímọ nígbà tí ó bá dàgbà, ewu àrùn jẹjẹrẹ sì ń pọ̀ sí i. Igi ganganran má gùn mí lójú, àti òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìyá àti ìyá àgbà tí ń wẹ ọmọ ni ó kọ́kọ́ lè rí èyí, ọ̀rọ̀ ìtìjú kọ́ sì ni.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú ara ọmọ tuntun kò hàn gbangba, kí a má fi í pamọ́, kí a má sì kánjú gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi abẹ gé e. Oníṣègùn ni yóò kọ́kọ́ yẹ kúrómósómù àti họ́mónù rẹ̀ wò, nítorí nínú oríṣi àìpé kan, iyọ̀ ara lè máa dà nù kúrò lára ọmọ náà, ẹ̀mí rẹ̀ sì lè bọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Àwọn baba wa kò ta afín tàbí abuké nù; ẹni òrìṣà ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ó yẹ kí ọmọ yìí náà rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà.

Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì ń kọ́ àwọn tí yóò di ọkọ, ìyàwó àti ìyá ọkọ lọ́la. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìyá kò ní Y láti fúnni, pé X tí ìyá fúnni ni ó ń jẹ́ kí Y rí iṣẹ́ ṣe, àti pé ohùn kékeré kan tí kò jáde lákòókò lè yí ọnà padà láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹjọ́ tí a ń kó wá sí iwájú àwọn àgbà nítorí ọmọ yóò dín kù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.